Ẹnjiníà Ọkọ̀ Òkun Nínú Àgbàlá Wa

Ọkọ mi ń ṣe ẹnjiníà nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù. Ó máa ń pẹ́ lórí omi kó tó wálé sí Ìlá, níbi tí èmi ti ń ṣe tíṣà. Tó bá dé, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ á dùn bí oyin. Lẹ́yìn ìyẹn, á wá máa wo ilé wa bíi yàrá ẹ́ńjìnnì.

Nígbà kan tó wálé, ọ̀rọ̀ epo àti èéfín ló gbé dé. Ó ní àwọn ọ̀gá wọn ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ dín méjèèjì kù. Ìkòkò mi ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti da gbogbo ìkòkò dojú dé, ó ń fi ọ̀bẹ ha ìdí wọn.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Bá a ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ nìyí. Àwọn nǹkan bí ìgbín wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀. Tá ò bá ha wọ́n kúrò, ọkọ̀ á wúwo lójú omi, á máa mu epo bí ọ̀mùtí. Dúdú ìdí ìkòkò yìí náà ló ń jẹ gáàsì ẹ."

Ó ha á títí ìkòkò ọbẹ̀ mi kan fi lu.

Ó wá kan jẹnẹrétọ̀. Ilé mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá wa: tiwa, ti aránṣọ kan, àti ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Tí iná ìjọba bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bú ramúramù, èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa jẹun. Ọkọ mi pè wọ́n jọ. Ó ní láwọn èbúté kan lókè òkun, bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, wọ́n á na wáyà iná sí i láti orí ilẹ̀, kí èéfín má baà pa àwọn ará etí omi lára.

"Ẹ jẹ́ káwa náà máa tan ẹyọ kan fún ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ló wí. "Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ o, agbára ẹ̀ ò ní gbé e."

Bàbá wò ó. "Ta wá ni èbúté nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Inú bàbá dùn. Tirẹ̀ la tàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá ọkọ mi ti wá kí wa láti Òkè-Ìlá. Etí wọn wúwo díẹ̀, ohùn wọn sì ròkè. Ariwo jẹnẹrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń bo àṣírí wa látọjọ́ yìí, a ò mọ̀.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n ké, "ṣé aránṣọ yẹn ṣì wà ńbí? Èyí tó rán bùbá mi, tápá kan gùn ju èkejì?"

Ohùn kan wá láti òdìkejì: "Mo wà ńbí, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Bàbá náà gbẹ́nu sí i láti ilé tirẹ̀: "Gbogbo ẹ̀ là ń gbọ́ o!"

"Ẹ gbé bùbá náà wá, mà," ni aránṣọ wí. Kò pẹ́ tí mo gbé e lọ tí mo gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀. Àfi bó ṣe ki áyọ́ọ̀nù bọ iná láti fi lọ apá tó tún rán. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Gbogbo àgbàlá ṣókùnkùn.

"Ẹnjiníà!" bàbá kígbe. "Èbúté ti kú o!"

Gbogbo wa bọ́ síta, à ń rẹ́rìn-ín, aránṣọ pẹ̀lú. Bọ́kọ mi ṣe ń tún wáyà ṣe, ìyá bi í léèrè ìdí tí kò fi tètè dé lọ́tẹ̀ yìí.

"Màámi, ọkọ̀ wa ò sáré mọ́. Tó bá ń rọra lọ, epo tó ń jó máa ń dín kù, èéfín náà á dín kù."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ọpẹ́ o! Mo ti rò pé obìnrin lo kó sí lọ́wọ́ lọ́nà."

Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ti padà sórí òkun báyìí. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo la ṣì ń tàn, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ọjọ́ tí iná ìjọba bá wá ni aránṣọ ń lọ aṣọ. Èmi wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò lábẹ́lẹ̀.