Ẹ̀rídà àti Ọṣẹ Tó Là

Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin náà lórúkọ àbísọ mọ́ nílé iṣẹ́ ọṣẹ yẹn. Ẹ̀rídà ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun téèyàn lè sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí dà?" Bí agbálẹ̀ bá ní òjò máa rọ̀, ẹ̀rí dà? Bí awakọ̀ bá ní ìyàwó òun bí ìbejì, ẹ̀rí dà? Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó páálí sí ni wọ́n fún un, pẹ̀lú tábìlì kan, fáànù kan tó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, àti kọ̀ǹpútà kan tí ètò ìṣirò wà nínú rẹ̀.

Ètò ọ̀hún ò ṣòro láti lóye bí èèyàn bá fara balẹ̀. Ká ní ọ̀gá gbé àbá kan kalẹ̀, pé páálí búlúù ń jẹ́ kí ọṣẹ tà ju páálí funfun lọ. Ẹ̀rídà á kó iye tí wọ́n tà sínú kọ̀ǹpútà. Ètò náà á wá sọ pé, bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan rárá láàárín páálí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀melòó nínú ọgọ́rùn-ún nirú iye yìí á kàn ṣe kòńgẹ́? Bó bá kéré jọjọ, àbá ọ̀gá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá pọ̀, kò sí ẹ̀rí. "Kò sí ẹ̀rí" yìí gan-an lohun tí ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́ láyé rẹ̀.

"Tún un ṣe," ni ọ̀gá wí nígbà tí páálí búlúù kùnà.

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin sà."

"Ìkarùn-ún ńkọ́?"

"Ohun kan náà ló máa sọ sà."

"Yọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò ti tà kúrò níbẹ̀, kó o wá tún un ṣe."

Ẹ̀rídà wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó wo fáànù. Ọ̀rọ̀ náà sú u dé góńgó ẹ̀mí. Àwọn ọmọ kékeré tó ń gbá bọ́ọ̀lù nígboro gan-an mọ̀ pé góòlù tí wọ́n gbá sáwọ̀n ẹni, kíkà ni wọ́n ń kà á. Àgbàlagbà tó ní ilé iṣẹ́ ni kò mọ̀.

Ìgbà tí ariwo páálí rọlẹ̀ ni ti ọṣẹ tó ń là dé. Ọṣẹ ń là lórí àtẹ tí wọ́n ń tò ó sí kó lè gbẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ra ọṣẹ tó là. Ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì ló wà: ti àárọ̀ ń wọṣẹ́ láago méje, ti ọ̀sán ń gbà á lọ́wọ́ wọn láago kan. Àbúrò ọ̀gá ni olórí ti àárọ̀. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó ń tètè gé ọṣẹ tán bíi tirẹ̀. Ọ̀gá ò tiẹ̀ ronú kó tó dájọ́.

"Àwọn ti ọ̀sán ni," ló wí. "Ọ̀lẹ ni wọ́n. Lọ́yà mi ní mi ò lè lé wọn láìsí ẹ̀rí. Bá mi wá ẹ̀rí."

Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá ọ̀hún ni Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá tó bí Ẹ̀rídà lọ́mọ. Òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, owó ọṣẹ yìí náà ló fi rán an níléèwé, inú ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé títí di báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣa ọṣẹ tó là kúrò lórí àtẹ, kó kà á, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀rídà rò ó títí. Ó pinnu pé òun ò ní bi Ìyá Kékeré ní nǹkan kan, kí wọ́n má baà ní òun ṣojúsàájú. Ẹ̀rí ò mọ ẹbí, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó kó ìwé oṣù mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọṣẹ tó là lọ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àárọ̀. Pé kí ó kàn ṣe kòńgẹ́ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò yí padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì gbé e fún ọ̀gá.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì. "Kọ̀ǹpútà kì í purọ́! Láago méjì ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, kálukú wọn á gba lẹ́tà."

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ẹ̀rídà ò lè wojú Ìyá Kékeré. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ìyá Kékeré ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọṣẹ tó là ló fi ń fọ̀ ọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pín fáwọn òṣìṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀.

"Wo bó ṣe là," ló wí, ó na ọṣẹ náà sí Ẹ̀rídà. "Iṣẹ́ ọwọ́ Kíákíá nìyí. Kì í jẹ́ kó le kó tó gé e."

"Ẹ̀rí dà?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí Ẹ̀rídà tó mọ̀.

"Ẹ̀rí wo lo tún ń wá? Nọ́ńbà àtẹ wà nínú ìwé tí mò ń kọ. Ọṣẹ tí wọ́n gé láàárọ̀, ó tó wákàtí mẹ́fà kó tó là. Ta ló máa wà nídìí ẹ̀ nígbà yẹn? Ṣebí èmi náà ni."

"Ẹ wá ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀sán?"

"Ṣé kì í ṣe ọ̀sán ni mo rí i ni? Ìwọ náà lo fa ìlà sínú ìwé ọ̀hún. O ní ká kọ ìgbà tá a bá rí i."

"Èyí tẹ́yin gé lọ́sàn-án wá ńkọ́?"

"A á ti lọ sílé kó tó là. Àwọn ti àárọ̀ ló ń kà á. Ìyẹn náà ò sì tó nǹkan."

Ìyá Kékeré ń bo aṣọ lọ, kò mọ nǹkan kan. Ta ni Ẹ̀rídà fẹ́ bínú sí? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó ti béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ agbálẹ̀, ó ti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, àmọ́ ìwé tóun fúnra rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fàlà sí, kò bi í ní nǹkan kan. Lóòótọ́ kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ó kàn darí ọṣẹ Kíákíá sọ́dọ̀ àwọn mọ́kànlá tí kò gé e ni.

Ó sáré dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́. Ọlọ́dẹ dí i lọ́nà.

"Mádàámù, ọjọ́ Àìkú lòní. Ọ̀gá ló ní kẹ́ ẹ wá? Ẹ̀rí dà?"

Ẹ̀rídà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣí i fún un. Ìwé kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá tí ọṣẹ ti ń gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà àtẹ kọ̀ọ̀kan sí, àti wákàtí tí wọ́n gbé e wọlé. Nọ́ńbà kan náà wà nínú ìwé Ìyá Kékeré. Ẹ̀rídà kó ìwé méjèèjì jọ, ó ń so nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà títí ó fi di aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo rẹ̀ dojú dé: ọṣẹ tí wọ́n gé láàárọ̀ ló ń là. Pé kó kàn ṣe kòńgẹ́ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Lẹ́tà mọ́kànlá wà lórí tábìlì ọ̀gá nígbà tó wọlé. Kíákíá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín wọn. Mo ṣàṣìṣe."

"Kọ̀ǹpútà purọ́?"

"Kò purọ́ sà. Èmi ni mi ò bi í dáadáa. Ìgbà tí wọ́n rí ọṣẹ tó là ni mo kó sínú ẹ̀, mi ò kó ìgbà tí wọ́n gé e." Ó ṣí ìwé méjèèjì síbi tí nọ́ńbà àtẹ kan náà wà, ó fìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wo ìwé, ó wo àbúrò rẹ̀, ó tún wo ìwé. Ó wúkọ́.

"Èyí náà kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Á jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀rídà fi ọdún méjì kọ́ ọkùnrin yìí, ibi tó máa lò ó sí nìyí!

"Lọ tún un ṣe," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò tún un ṣe mọ́ sà." Ẹ̀rídà nawọ́. "Ẹ fún mi ní ìwé tọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé wọn, ẹ lé wọn láìsí ẹ̀rí."

Ọ̀gá rántí lọ́yà. Ó kó lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Kò ya ọ̀kankan. Kò sì bá Kíákíá sọ gbólóhùn kan.

Ìròyìn ti ṣáájú Ẹ̀rídà délé. Ìyá Kékeré jókòó sórí àpótí, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Wọ́n ní lẹ́tà mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Kékeré."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́?"

"Èmi ni." Ẹ̀rídà kúnlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo gbè yín ni. Ẹ dárí jì mí."

"Ta ló ní kó o gbè mí?" Ìyá Kékeré ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. "A jọ ń jẹun nínú ilé yìí lójoojúmọ́. O kàn kọ̀, o ò bi mí ni."

Ó dìde, ó lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Nígbà tí aago kan lù lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀rídà ti kọ̀ǹpútà pa. Ó mú bírò àti ìwé tí kò ní ìlà kankan, ó lọ sí yàrá tí ọṣẹ ti ń gbẹ. Ìyá Kékeré dúró ti àwọn àtẹ, kò yíjú.

"Ìyá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é hàn mí, látìbẹ̀rẹ̀. Mo máa gbọ́."

Ìyá Kékeré yọ ọṣẹ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀.

"O máa gbọ́?" ló wí. "Ẹ̀rí dà?"

Ẹ̀rídà gbé àtẹ àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún un, ó dúró, ó ń retí ohun tó máa sọ.