Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí N Kò Gbààwẹ̀

Ọdún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì ni àìsàn náà mú ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí, nǹkan oṣù tó yẹ kó dá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí kò dá mọ́. Ó fi pa mọ́ fún wa títí ó fi di pé kò lè dá gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ní ẹnu ilé-ọmọ. Wọ́n ní kó máa wá lójoojúmọ́ fún ẹ̀rọ kan tó ń ta iná tí ojú kò rí sí i ní abẹ́ ìdodo. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ni mo ń tẹ̀ lé e lọ. Bí a bá fẹ́ sọdá títì, ibi tí ọkọ̀ ti ń wá tẹ́lẹ̀ ló ṣì máa ń wò, èmi ni mo sì ń fà á lọ́wọ́ padà.

Iná yẹn gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó ti ń ta ẹja gbígbẹ ní Èbúté Èrò kí wọ́n tó bí mi wá di ẹni tó ń bo imú bí wọ́n bá ń dín ẹja nísàlẹ̀. Ó ń rù lójú wa. Dókítà kìlọ̀ pé bí ara rẹ̀ bá tún lọ sílẹ̀ sí i, àwọn á dá ẹ̀rọ náà dúró, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dé ìdajì. Ó ní kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́: ẹyin, mílìkì, ẹja, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè dúró nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ààwẹ̀ wọlé.

Kò sẹ́ni tó ní kó gbààwẹ̀. Ìyálé rẹ̀, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́sàn-án nínú ilé tí àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá ń gbààwẹ̀. Màá gbé ògì síwájú rẹ̀, yóò wò ó títí yóò fi tutù. Ó ní ojú ń ti òun. Inú bí mi, mo ní ta ló ń wò wọ́n nínú yàrá. Ó ní òun ń wo ara òun.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ilẹ̀kùn, mo bu ògì náà, mo fi sẹ́nu. Mo ní n kò kírun, nǹkan oṣù mi dé, ààwẹ̀ kò sí fún mi, kí a jọ jẹ ẹ́. Irọ́ funfun báláú. Ó wò mí, ó mú ṣíbí. A jẹ abọ́ náà tán.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń lọ ra mílìkì alágolo ní Òkè Àrin, mo ń fi ẹyin sínú mọ́ínmọ́ín, mo sì rí i pé bó bá tutù tán, òórùn rẹ̀ kì í rìn ín. Ṣíbí kan fún un, ṣíbí kan fún mi. Kí n má tún pa irọ́ kejì, mo gbádùn rẹ̀. Láti kékeré ni ọjà ti ń bá mi pín ìyá mi, òwúrọ̀ kùtù ló ń lọ, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo ni ín. Ó ń sọ fún mi bí òun ṣe ń jí ẹja ìyá tirẹ̀ jẹ ní kékeré. Lọ́sibítù, ìwọ̀n rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ mọ́.

N kò rò ó pé ẹnìkan ń ka ọjọ́. Nínú ilé bíi tiwa, kò sí obìnrin tí kò mọ ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò kírun. Lọ́jọ́ kọkànlá irọ́ mi, Ìyá Àgbà wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ti bà á kọjá ohun tó lè fi pa mọ́. Lójú ìyá mi níbẹ̀ ló ti bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ mi kò dá.

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé bíi tèmi ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan, pé mo fẹ́ kí ìyá mi máa jẹun ni. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ burúkú ni mí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ náà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ilé jókòó sí, lọ́sàn-án gangan, ó jẹ ẹ́ láì gbójú sókè títí abọ́ fi mọ́. Ó wá pè mí.

"Mo lè dá jẹ ẹ́. Lọ gbààwẹ̀ rẹ."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń jẹun títí ẹ̀rọ náà fi parí. Àlùfáà àdúgbò ní kí n san ọjọ́ mọ́kànlá náà padà. Ó ní òfin inú ìwé ẹ̀sìn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ìyá. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ìyá mi á jókòó tì mí lọ́sàn-án, á máa lá ṣíbí lójú mi, á ní kí n máa wo òun dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ògì àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu.

Ọdún mẹ́rin ló tún lò. Nígbà tí àìsàn náà padà wá, mo gbé abọ́, mo jókòó tì í, mo jẹ títí. Kò lè bá mi jẹ mọ́.

Mo ti san ọjọ́ mọ́kànlá yẹn tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìtúnu, mo tún ń gba mọ́kànlá. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, mo máa ń bu ògì sínú ṣíbí, n kì í sì í tètè gbé e sẹ́nu. Mo máa ń dúró díẹ̀ ná, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀.