Ọjọ́ tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Láàárín Eré Kírikẹ́ẹ̀tì

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí mi níbi tí mo ti ń sáré á mọ̀ pé kì í ṣe nítorí eré sísá ni wọ́n ṣe mú mi sínú ẹgbẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ wa n'Íkẹjà. Ẹni kọkànlá ni mo jẹ́. Tí ẹni mẹ́wàá bá ti pé, wọ́n á yọjú síbi tí a ti ń di àwo tánganran sínú páálí, wọ́n á ní, "Ìwọ tó o ga yẹn, máa bọ̀." Gíga tí mo ga ni ìwé ẹ̀rí mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà àwọn akọ̀wé inú ẹgbẹ́ ló máa ń túmọ̀ òfin eré náà fún mi, tí wọ́n bá sì túmọ̀ ẹ̀ tán, ìgbà yẹn gan-an ni kì í yé mi mọ́.

Èyí tó yé mi rèé: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó kàn á fi báàtì gbá a, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ á sáré pààrọ̀ ààyè, ìyẹn di ẹyọ kan. Igi mẹ́ta ló dúró ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ìlà ẹfun wà níwájú wọn. Tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó igi yẹn kí n tó dé, mo ti kú nìyẹn. Àmọ́ tí báàtì ọwọ́ mi bá ti kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà, mo yè.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kírikẹ́ẹ̀tì kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ l'Ágége ló wà níbẹ̀. Òun fẹ́ mi, ìyá ẹ̀ fẹ́ mi, bàbá ẹ̀ ni ò fẹ́. Ará Onígbòǹgbò ni bàbá, oko obì wọn wà lẹ́yìn pápá wa. Wọ́n ní mo bá wọn pàdé lórí kẹ̀kẹ́, mi ò sọ̀kalẹ̀ kí wọn. Òótọ́ ni, mi ò sọ̀kalẹ̀. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ yẹn ti já, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni mo wà. Mo kígbe "Ẹ káàárọ̀ o, sà!" bí mo ṣe ń fò kọjá, inú kòtò ni mo ti parí ìkíni náà. Bàbá ò wo kòtò. Wọ́n ní, "Ẹni tí ò lè torí àgbà sọ̀ lórí irin, ṣé òun ló fẹ́ gbé ọmọ mi sílé?" Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí àwọn ẹbí mi bá lọ tọrọ ọmọ, bàbá á ti lọ sóko.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo Sátidé ni mò ń rí wọn. Ọ̀nà oko wọn gba ẹ̀yìn igi mẹ́ta ti apá ìsàlẹ̀ pápá kọjá. Wọ́n á gbé àdá kọ́ èjìká, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wò wá, ojú wọn á le koko. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n ń kà.

Sátidé tó kẹ́yìn, kí òjò tó gba pápá lọ́wọ́ wa, àwọn akọ̀wé kan láti Agége la bá ṣeré. Ọdọọdún ni wọ́n ń nà wá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án, ọwọ́ wọn rọ̀. Nígbà tó máa fi kan èmi ẹni ìkẹyìn, ẹyọ méjì péré ló kù ká borí. Kápítéènì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ wa, ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá bá mi, ó dì mí lápá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Tí mo bá ti pariwo 'wá', ẹ sáré. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù, ẹ má wo èèyàn. Mo bẹ̀ yín."

"Ta ni mo fẹ́ wò?"

Ó padà lọ, ó gbá bọ́ọ̀lù náà, ó lọ jìnnà. "Wá!" Mo sáré. Páàdì tí wọ́n dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ń gbá ara wọn bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń tì. Èmi àti kápítéènì kọjá ara wa. Mo gbójú sókè, ta ni mo rí lẹ́yìn igi? Bàbá. Wọ́n ti ju àdá sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, wọ́n ń kígbe ohun tí ariwo pápá ò jẹ́ kí n gbọ́. Ojú mi bá ojú wọn.

Kí lọmọ tí wọ́n bí ire ń ṣe nírú ẹ̀? Ara mi ti ṣe é kí orí mi tó dá sí i. Èèyàn kì í sì í mú igi dání kí àgbà. Mo rọra fi báàtì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo na gbalaja sórí koríko, mo ní, "Ẹ kú oko o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ti ọjọ́sí yẹn, bíréèkì ni."

Imú mi ò jìnnà sí ìlà ẹfun. Èèrà kan ń rìn lórí ẹ̀. Mo gbọ́ "pàà", igi ti wó.

Àwọn ará Agége fò sókè, wọ́n ti tún nà wá. Kápítéènì sáré dé, ó ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí bàbá ni."

"Ta ló ní kó o kí mi?" Bàbá ló sọ ọ́ o. "Sáré ni mo ní! Sáré! Látìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń dúró níbí kẹ́ ẹ lè na àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan, ìwọ wá sùn!"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò láti ọjọ́ yìí. Eré ni. Wọ́n wọ inú pápá, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ìlà.

"Wò ó, ìdọ̀bálẹ̀ náà ò burú. Ká ní o mú igi ọwọ́ ẹ yẹn dání, kó o nà án síwájú bó o ṣe ń lọ sílẹ̀, ì bá ti kọjá ìlà. Ò bá kí mi, ò bá sì yè. Ta ló kọ́ ẹ pé kó o fi igi sílẹ̀?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ọ̀dẹ̀ ni!" Kápítéènì ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọ̀dẹ̀ paraku! Ewúrẹ́ ì bá sáré jù ú lọ!"

Bàbá yíjú sí i. "Ó tó! Àna mi lò ń bú lójú mi? Èmi tí mo ni ín ni kí n bú u. Ìwọ tó o kó gbogbo akọ̀wé yìí lẹ́yìn, tó o wá jẹ́ kó dórí ẹni tí ò lè sáré, kí lo fi gbogbo ọ̀sán ṣe?"

Kápítéènì sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni kápítéènì wí. "Mi ò mọ̀ pé àna yín ni."

"Èmi náà ò mọ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú mi sọ ọ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Sọ fún àwọn èèyàn ẹ pé mo wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àgbà kì í sọ̀rọ̀ síta kó tún kó o jẹ."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, mo wá rí i pé ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Kápítéènì ló fà mí dìde, kò sì fi pẹ̀lẹ́ fà mí rárá.