Ohun Tí Mo Wọ̀ Sábẹ́ Abáyà

Gbogbo ará Peckham tó mọ̀ mí ló rò pé aṣọ dúdú nìkan ni mo wọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé Kuwait. Mi ò bá wọn wí. Àwòrán tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé nígbà yẹn ló fà á: èmi rèé nínú abáyà dúdú níwájú ilé ìtajà, èmi rèé nínú abáyà dúdú létí òkun, èmi rèé nínú abáyà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ olówó ńlá tí kì í ṣe tèmi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà ní yunifásítì nígbà náà. A máa kọ̀wé padà sí mi lórí fóònù pé, "Mummy, you look so holy." Màá rẹ́rìn-ín. Ohun tí òun àti gbogbo ará ilé ò mọ̀ ni pé ibi tí mo ti ń múra jù, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú fóònù wọ ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí n tó lọ, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Camberwell ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí. Nígbà tí bàbá ọmọ mi kú, tí ọmọ lọ síléèwé, ilé wá fẹ̀ jù fún mi, mo bá gba iṣẹ́ ní Kuwait. Àwọn ẹbí ní mò ń sá fún ọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sá. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe, kí n jókòó sílé kí n máa bá àga sọ̀rọ̀?

Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí níbẹ̀ ló là mí lójú. Ọmọ ìlú ni ìyàwó, iwájú wọ́ọ̀dù wa ló máa ń jókòó, tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Èmi tí mo jáde nílé kéú kí n tó mọ ABD dáadáa, mo sọ fún ara mi pé ìgbéyàwó Lárúbáwá, nílẹ̀ Lárúbáwá, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni yóò jẹ́. Mo ra abáyà tuntun, dúdú kirikiri, kò ní òkúta dídán kankan lára. Lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa rí i? Mo wọ ẹ̀wù ilé kan tí bíléèṣì ti jẹ láyà, mo sì wọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi sí i, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù wọn máa ń mú èèyàn dé eegun. Mo wo dígí, mo yin ara mi pé mo mọ ìwà hù.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ojú mi ti já a. Obìnrin méjì dúró síbẹ̀, ọ̀kan ń gba fóònù, èkejì ń gba abáyà, ó ń fi wọ́n kọ́. Obìnrin nìkan ló wà nínú ibẹ̀, àwọn ọkùnrin wà ní gbọ̀ngàn tiwọn. Bí kálukú ṣe ń bọ́ aṣọ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ń tàn yòò: sílíìkì, aṣọ tó ṣí èjìká sílẹ̀, irun tí wọ́n ti ń ṣe láti àárọ̀, góòlù tó gùn dé ìdodo. Aṣọ tí mo pè ní aṣọ òde, kóòtù lásán ni lọ́dọ̀ wọn. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Obìnrin náà nawọ́ sí mi pé kí n mú tèmi wá. Mo ní rárá. Ó tún nawọ́. Mo di ọrùn abáyà mi mú bí ẹni pé awọ ara mi ló fẹ́ bó.

Ni mo bá jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn bí ẹyẹ kannakánná láàárín ọ̀kín. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá àgbà kan tó wà ní tábìlì kejì mu kọfí rẹ̀ tán, ó wo ojú mi, ó wo aṣọ mi, ó sì na ife òfìfo sí mi. Àwọn tó ń gbé kọfí kiri nìkan ló wọ dúdú níbẹ̀, àfi èmi. Ara mi gbóná. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn burú, èmi náà ti gbé ohun tó wúwo ju ife lọ fún aláìsàn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó fi mí pamọ́ níbẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ara mi rẹ́. Mo gba ife náà, mo gbé e padà sórí tábìlì rẹ̀, mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo jókòó tì í, mo sì kí i ní salamọ. Ó lanu. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bu dàbínù sí mi lọ́wọ́. A jọ jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo tọ Rye Lane lọ, mo ra aṣọ bí ẹni tí wọ́n lé. Àwọn tó ń tajà ń bi mí pé ìgbéyàwó ta ni, mo ní ti èmi ni. Mo kó aṣọ òkè àti léèsì padà sí Kuwait. Gèlè nìkan ló fún mi níṣòro, nítorí kò ṣeé wé sábẹ́ ìborí. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, orí mi sì ga bí ẹni ru ìkòkò sábẹ́ aṣọ, awakọ̀ takisí ò yé bojú wẹ̀yìn. Mo bá ń ká gèlè sínú ọ̀rá, tí n bá dé ibẹ̀ tán, màá wé e lójú dígí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn obìnrin á yí mi ká, wọ́n á máa bá mi di pín-ìn mú, wọ́n á máa fọwọ́ pa á. Nígbà tí mo bá wọlé, màá rìn láàárín gbọ̀ngàn láìkánjú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ẹ ò sì rí ẹni tó tún na ife sí mi mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, èmi ò bá abáyà jà. Mo ṣì ń wọ̀ ọ́ ní Peckham. Ó ní àpò, ó ń gba súẹ́tà méjì sábẹ́, kò sì sí kóòtù tó dà bí ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ níbi téèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Camberwell Green. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹlòmíràn máa fi wọ̀ mí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi mú ọkọ wálé. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kí èèyàn, ó ń fọ abọ́. Ìyá rẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ alásàlátù kan ládùúgbò wa. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá, òun ló kọ́kọ́ ń gbé ọbẹ̀ lọ. Àmọ́ bó bá ti gbé ọbẹ̀ délé rẹ, á tún sọ bó ṣe yẹ kó o mú ṣíbí. Ó lọ Umrah lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà yẹn kò sí ohun tí àwọn Lárúbáwá ń ṣe tí kò lè là yé ọ. Nígbà tí ọjọ́ yìgì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

"Ìyá ìyàwó, Alhaja mi, ẹ kú ìmúra o. About dressing: gbogbo àwa ìyá, black abaya, plain. Kò sí gèlè o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣáájú wa. I've told the sisters pé ẹ máa fi bó ṣe yẹ kó rí hàn wọ́n."

Mo pè é padà lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ ṣeun. Màá wọ abáyà wá. Tí mo bá dénú ilé, màá bọ́ ọ, màá sì wé gèlè mi."

"Ẹ máa bọ́ kí ni?"

"Abáyà ni, ma. Ṣebí àwa obìnrin nìkan la máa wà lẹ́yìn kọ́tìnì tí wọ́n máa fi pín gbọ̀ngàn, àbí ẹ fẹ́ kó ọkùnrin wá síbẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ìyàwó, gèlè, ṣe-ká-rí-mi ni. Front row is for the mothers in black. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúdú, àga wà lẹ́yìn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èmi náà ṣe máa ń sọ fún aláìsàn pé abẹ́rẹ́ yìí ò ní dun ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi wá bá mi ní kíṣìnì. Ó dúró tì mí, ó ń bá mi bó iṣu láì jẹ́ pé mo ní kó bó o. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ti rán an.

"Mummy, please. It's one day. Just wear the abaya."

"Mo ní màá wọ̀ ọ́."

"And keep it on."

Mo mú iṣu mìíràn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò understand. His mum didn't like me at first. Ó ní mo ti di òyìnbó jù. Then I showed her your pictures, all those Kuwait pictures, and she changed, just like that. Ó ní ọmọ ilé rere ni mí. If you take it off in front of everybody, it's like I lied. She'll carry it for years, Mummy, and I'm the one that'll be living with it."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà bí ìjà èmi àti àna mi, àṣé ọmọ mi ló wà láàárín. Mo jókòó. Mo wá sọ ìtàn ife kọfí yẹn fún un, èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "So you just sat next to her?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Still, Mummy. Please." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Mo rò ó, mo tún un rò. Ó rọrùn láti ṣe. Wákàtí mélòó ni? Àmọ́ obìnrin tí wọ́n ń wá síwájú yẹn, èmi kọ́. Bí mo bá jókòó lórúkọ rẹ̀ lónìí, òun náà ni wọ́n á máa retí lọ́jọ́ ìkómọ, òun ni wọ́n á máa retí nígbà ọdún, ọmọ mi á sì máa ṣọ́ mi kí n má baà ṣèèṣì fara hàn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, kó má lọ fi ata sẹ́nu. Mi ò ní fi ìyá tí kì í ṣe èmi fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà ni. Àga tó wà níbẹ̀ kì í gé èèyàn jẹ.

Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, lójú Old Kent Road, ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀. Kọ́tìnì funfun ni wọ́n fi pín in sí méjì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Mo bọ́ abáyà mi níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Léèsì tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n ni mo wọ̀, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ọrùn rẹ̀ dé àgbọ̀n. Mo wé gèlè, mo fi bo etí méjèèjì. Bí Ọlọ́run ò bá bínú sí i, ta ni èèyàn?

Àna mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá ìyàwó." "Ìyá ọkọ." A tẹ orúnkún fún ara wa. Ó wo gèlè mi láti ìsàlẹ̀ dókè, ó sì fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ma." Mo lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kúlà oúnjẹ, níbi tí àwọn ọmọ ọwọ́ ti ń ké.

Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn orí ọmọ mi nìkan ni mo ń rí, pẹ̀lú ìborí funfun. Àna mi ti fi àbúrò rẹ̀ obìnrin, nínú abáyà dúdú, sórí àga tó yẹ kí n jókòó lé. Ó dùn mí o. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ kì í dun ẹni tó bá lágídí. Ó ń dùn wá. A kàn kì í dìde ni. Mo di báàgì mi mú, mo sì jókòó gbọn-in.

Ìmáàmù ti ń ṣe wáàsí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí mo rí i tí ọmọ mi yíjú padà. Ó ń wá nǹkan. Ó wo ìlà kan, ó wo òmíràn, títí ojú rẹ̀ fi bà lé mi. Ló bá dìde, ó kó etí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga.

Àna mi ké sí i. "Ìyàwó wa, where are you going?"

"Mò ń lọ bá Mummy mi, ma," ni ọmọ mi wí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ yẹn.

Kò sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó dúró tì mí, ó ní, "Mummy, ẹ sún." Mo sún. A jọ há ara wa mọ́ ọn, aṣọ rẹ̀ bo kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, mo sì dì í mú.

Ohùn ìmáàmù wá gba orí kọ́tìnì kọjá. Ó ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó fúnra rẹ̀, bóyá ó gba ọmọkùnrin yìí lọ́kọ. Ó ní kí ìyàwó dáhùn láti iwájú níbẹ̀. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu bí ẹni tó ń pe bọ́ọ̀sì, ó sì ké pé, "Ẹ̀yìn ni mo wà, sir! Mo gbà!" Gbogbo ìlà iwájú sì yí àga wọn padà láti wò wá.