Kọ́tìnnì Ilé Ẹ̀gbọ́n

Abẹ́rẹ́ la máa ń pè é nílé ìfọṣọ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó tínrín, rárá o. Kò lè rí aṣọ tó ya kó má rán an ni. Aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn là ń fọ̀, ọ̀gá wa sì ti sọ títí pé èyí tó bá ti ya, ká jù ú nù. Abẹ́rẹ́ á mú un wálé, á rán an, á dá a padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ta ló ń san owó ìyẹn fún ọ? Ó ní ojú òun ò lè gbà á.

Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́ kó tó kúrò nílé. Obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí ló rán an dé òkè òkun. Maṣíìnì ńlá kan ló ní, èyí tó ń lo iná, òun ló fi ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí owó ọkọ̀ òfuurufú kò pé, obìnrin náà ta maṣíìnì yẹn, ó kó owó rẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Tó o bá débẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹnuure, dá a padà fún mi, kí n fi ra òmíràn.” Kò gba ìwé, kò pe ẹlẹ́rìí.

Èmi ni mo mọ bí Abẹ́rẹ́ ṣe san owó náà, torí inú yàrá kan náà la jọ ń gbé. Ó wọ bàtà kan títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi lu. Tí òtútù bá mú, ṣòkòtò méjì ló ń wọ̀ lé ara wọn, kò lọ ra kóòtù. Gbogbo oṣù ló ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pé kó bá òun gbé e fún ọ̀gá òun. Ìyá wọn ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ owó, àgbà ló ń mú un lọ, ọmọdé kì í fò ó lórí.

Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, á pe ọ̀gá rẹ̀. Ká máa lọ aṣọ tiwa lọ́wọ́ ni, fóònù á wà lórí tábìlì, ohùn màmá yẹn á gba gbogbo yàrá. Wọ́n á sọ̀rọ̀ orúnkún, wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á bú àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ lọ láìsanwó, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ wọn ò ní dárúkọ owó. Lọ́jọ́ kan màmá yẹn ní, “Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn, Ọlọ́run á bù kún un. Ìgbà tí gbogbo ayé kẹ̀yìn sí mi, òun ló dìde ìrànwọ́ sí mi.”

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. “Ṣó o gbọ́? Owó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.”

Mo ní, “Ṣé wọ́n ní owó tìẹ ti dé ọwọ́ àwọn?”

Ó bínú sí mi. “Kí n wá máa bi àgbàlagbà léèrè bí ọlọ́pàá? A kì í ṣoore ká tún lóṣòó tì í.”

“Gbèsè lò ń san, kì í ṣoore!”

Mo fi í sílẹ̀, torí ẹni tó bá ń dá sí ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, òun náà ló máa gba èébú.

Nígbà tó san án tán, ó fọkàn balẹ̀, ó wá tọ́jú owó ọkọ̀ láti lọ kí wọn nílé. Sísọ́ọ̀sì kan tó dára gan-an ló rà fún ọ̀gá rẹ̀, tó lè gé aṣọ tó nípọn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó padà dé, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ó ní nígbà tí òun wọ ṣọ́ọ̀bù, ìdajì rẹ̀ ti di ti ẹlòmíì tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀gá òun wà ní ìdajì kejì nídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, orúnkún ti wú, kọ́tìnnì olówó ńlá kún itan rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá yẹn rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọmọ mi, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ. Mo ti san púpọ̀ nínú owó tó yá mi, èlé orí ẹ̀ ló ń pa mí. Kọ́tìnnì ilé ẹ̀ tuntun nìyí, ó ní òun á fi yọ lára èlé.”

“Owó wo ló yá yín, mà?”

“Lẹ́yìn tó o lọ. Mi ò ní maṣíìnì mọ́, àwọn iléèwé sì ti gbéṣẹ́ fẹ́lòmíì. Òun ló wá ń gbé owó wá yá mi díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Mi ò fẹ́ fi gbèsè tìẹ dà ẹ́ láàmú nílẹ̀ onílẹ̀.”

Lóṣooṣù! Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Owó tí ọmọbìnrin yìí fi bàtà lílu kó jọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á, ó fi yá ẹni tó ni owó, ó sì ń gba èlé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Màmá yẹn bọ́ jígí ojú rẹ̀.

“Kí ló dé tó ò bi mí?”

“Ẹ̀yin náà, mà, kí ló dé tẹ́ ò bi mí?”

Màmá yẹn fi etí ìró rẹ̀ nu jígí náà. “Lórí fóònù mo máa ń pè ẹ́ lọ́mọ mi. Tí mo bá ti gbé e sílẹ̀, màá sọ fáwọn oníbàárà pé olè ni ẹ́.”

Abẹ́rẹ́ fa sísọ́ọ̀sì tuntun yọ, ó mú etí kọ́tìnnì. Ọ̀gá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Má gé e. Aṣọ ò ṣẹ̀ mí.” Ó wọ jígí padà, ó ń rán an lọ.

Láti ibẹ̀ ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà wà ní pálọ̀, ìyá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ tán, kò tiẹ̀ dìde.

“Owó tó o ní kí n gbé fún un, ṣé kò dé ọwọ́ ẹ̀?”

“Bọ̀dá mi, ẹ yá a ni! Ẹ dá owó tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ padà!”

“Ó ti wà nínú ìpìlẹ̀ ilé yìí. Tó o bá fẹ́, wá wú u.” Ó wá sọ pé nítorí àbúrò òun, òun fi èlé tó kù ji obìnrin náà.

Ìyá wọn ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. “Ìwọ náà, gbẹ́jẹ̀ mì, tutọ́ funfun. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni.”

Abẹ́rẹ́ padà sídìí iṣẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tààrà sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàtà mìíràn ti ń lu. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, a ṣì ń lọ aṣọ, fóònù ṣì wà lórí tábìlì. Á pè é, kò ní kí i.

“Ṣé ó dé ọwọ́ yín, mà?”

“Ó dé.”

Aṣọ kan ṣoṣo ò tíì ní gbóná, wọ́n á ti pa fóònù.