Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni tíṣà oníṣirò náà fi ní ọkọ̀ eré ìje pupa yẹn, kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbé ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bóyá ó gbàgbé ni. Èèyàn lè gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ta ní ń gbàgbé aya rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún gbáko? Alágbàfọ̀ ni ìyàwó náà. Iwájú ilé wọn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí láràárọ̀ Sátidé, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, tí á máa wo ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Tíṣà á dé fìlà, á ṣí géètì, á ká ara rẹ̀ wọnú ọkọ̀ bí ẹni ń ká aṣọ sínú àpótí, á sì wà á lọ lóun nìkan. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ náà ní, àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Èkejì á ṣófo lọ, á sì ṣófo bọ̀.

Àṣá ni tíṣà sọ ọkọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó rà á, ẹni tó tà á fún un sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbowó. Ìgbà tó bá dára, ó dára o: gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn géńdé á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọn á máa kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n tó bá sáré lọ́jọ́ Sátidé, orí jáàkì ló máa wà títí di Ọjọ́bọ̀. Tíṣà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, á ní kò sí nǹkan kan tó ṣe Àṣá, òun kàn ń tún un ṣe díẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ò ní gbé mi dání lónìí?" Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń bi í nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Ní sùúrù, ìyá ọmọ mi. Ó ku ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i."

Ó ní sùúrù. Nígbà tó di ọdún kẹta, kò béèrè mọ́. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn mọ àṣírí ilé onílé: ó mọ ẹni tó ń mutí níkọ̀kọ̀, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá irun obìnrin lára aṣọ ọkọ rẹ̀, kò rí i. Ó wá àtíkè, ó wá lọ́fínńdà, kò rí i. Epo dúdú ló ń rí, àti àbàwọ́n irin tó ti dógùn-ún ní orúnkún ṣòkòtò, èyí tó máa ń fi iyọ̀ àti omi òroǹbó wẹ́wẹ́ bó. Àìrí nǹkan kan yẹn gan-an ló dá kún ìfura rẹ̀, ó ní obìnrin tí ọkọ òun ń gbé kiri náà gbọ́n ni.

Àrùn ọkàn ló pa tíṣà, ní ọsàn gangan, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọjọ́ tó ṣáájú ló di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

"Àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ yẹn," ló wí. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ gbígbẹ tó máa ń wú tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan gùn. Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ wọlé, tíṣà sùn lọ, kò sì tún la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò ní o ṣeun, kò ní máa tọ́jú ara rẹ. Ọ̀rọ̀ àga ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yẹn wọ egungun. Nígbà tí àwọn tó ń bá a kẹ́dùn ti lọ tán, tí ilé pa rọ́rọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ Àṣá lórí ìṣó tó fi kọ́, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni nígbà náà. Olùkọ́ ibẹ̀ bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ lọ díje ni?" Ó ní, "Rárá o. Mo fẹ́ lọ wo ibi tí ọkọ mi máa ń lọ ni."

Kò rí ibì kankan. Ó kàn ń wa ọkọ̀ náà kiri. Ojú ibi tí ẹ̀yìn tíṣà ti tẹ̀ wọlé ṣì wà lára àga awakọ̀, tó bá fara ti í, ara ọkọ rẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó fara tì. Tí oòrùn bá mú, òórùn ìpara orí tíṣà á yọ jáde látinú rọ́bà àti awọ, á gba inú ọkọ̀ kan. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń dùn mọ́ ọn, kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan, wọ́n gbéra. Wọn ò tíì dé oríta tí Àṣá fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ikọ́ yẹn ni, ikọ́ ọsibítù gan-an. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Kó tó fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn. Ọmọ tún wọlé, ọkọ̀ tún kú.

"Màmá, ẹ ta nǹkan yìí," lọmọ wí, ó sì wọ takisí lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ìyá gbé aránṣọ tí wọ́n jọ wà ládùúgbò. Àṣá tún wúkọ́. Ó kú. Ó gbé àpò aṣọ fífọ̀ sórí àga náà, Àṣá gbà á, ó gbé e délé oníbàárà láì wúkọ́. Aṣọ ló ń gbà, èèyàn ni kò gbà. 

Mẹkáníìkì tó gbé e lọ bá kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ títí kó má sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀", ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Fọkànbalẹ̀. Òfin kan wà nínú ọgbà rẹ̀: oníbàárà kì í wọnú ọkọ̀ tí wọ́n ń dán wò. Orí bẹ́ńṣì lẹ máa jókòó sí. Òun nìkan á wà á jáde, á yí ọ̀nà po, á padà wá sọ ohun tó gbọ́. Ọgbọ́n tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó ní ẹnu oníbàárà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì.

"Màmá, ìgbà wo ló máa ń kú?"

"Nígbà mìíràn."

Àbí kí ni kó sọ? Kó sọ fún mẹkáníìkì pé òkú ọkọ òun ló ń ṣọ́ àga fún obìnrin mìíràn? Ojú tì í. Bẹ́ẹ̀ ni Fọkànbalẹ̀ ṣe ń wa Àṣá jáde lóun nìkan, tí Àṣá sì ń sáré bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó tú kabúrétọ̀ wẹ́wẹ́, ó fọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun wá páńpù epo láti ìlú mìíràn, torí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá sì ní àlòkù rẹ̀ lọ́wọ́, iye tó bá wù ú ló máa pè é. Páńpù yẹn nìkan jẹ owó aṣọ tí ìyá fọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ó san án. Ó ń rò ó pé bóyá irin tuntun á lé ọkọ òun jáde.

Kò lé e. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí tíṣà kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ilẹ̀kùn kejì mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí obìnrin náà. Kì í ṣe pé ó fojú rí i o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, kì í sọ̀rọ̀. Tí ìyá bá dúró níbi iná títì, á máa wo àga náà láti igun ojú.

"Ta lẹ ń tọ́jú àga yìí fún?" á bi ọkọ rẹ̀, sínú ọkọ̀ tó ṣófo. "Ẹ tiẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi."

Ó máa ń dúró de èsì. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fọkànbalẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì Àṣá dé tán. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Màmá, ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ lẹ máa gbà, àbí? Ẹ jẹ́ kí n bá yín débẹ̀."

"Ìwọ kẹ̀? O ò kúkú wọ takisí? Inú ọkọ̀ yìí há."

"Màmá, èmi tí mo ń wọ abẹ́ rẹ̀, ṣé inú rẹ̀ ló máa há jù fún mi?" Kí ìyá tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti jókòó.

Wọn ò tíì jáde ní géètì ọgbà tí Àṣá fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú.

Ìyá gbé orí lé sítíárì. "Ó tún ti ṣe é."

"Ta ló ṣe kí ni?"

"Ọkọ mi ni. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀." Ó sì sọ ọ́ tán pátá, láti orí ọdún àkọ́kọ́ dórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, dórí obìnrin onígèlè. Kò wo ojú rẹ̀ títí tó fi parí.

Fọkànbalẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìgbà tí èèyàn bá jókòó síbí nìkan ló ń kú?"

"Ìgbà yẹn nìkan."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń wà á."

Ó káwọ́ lérí. "Ẹ sì jẹ́ kí n pààrọ̀ páńpù!"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ìyá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó dáhùn. Ó jókòó, ọkọ̀ kú. Ó dìde, ọkọ̀ dáhùn. Ó tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é. Fọkànbalẹ̀ lọ mú sípánà, ó tú bóòtù àga náà, ó gbé e jáde, ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ sókè. 

"Màmá, ẹ wá wò ó."

Ilẹ̀ ọkọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Irin náà ti dógùn-ún, ó ti rún bí bébà tó jóná, ìyá sì ń rí yanrìn ẹnu géètì láàárín rẹ̀ kedere. Pákó ni wọ́n fi dábùú ihò náà, pákó yẹn ni ẹsẹ̀ àga sì dúró lé. Wáyà páńpù epo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹnì kan ti fi aṣọ funfun yí i po, ó rọra dì í bí ẹni ń di egbò. Ìyá mọ aṣọ náà. Apá ẹ̀wù tíṣà ni, ó ti fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà.

"Tí èèyàn bá jókòó, pákó á tẹ̀, wáyà á kan irin, iná á já," ni Fọkànbalẹ̀ wí. "Tó bá dìde, pákó á nà padà. Ẹ wo àwọn ihò bóòtù yìí, ọkọ yín ti pààrọ̀ pákó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìgbà gbogbo ló ń kúnlẹ̀ síbí. Màmá, tó bá jẹ́ pé ẹ jókòó síbí, tí ọkọ̀ wá bọ́ sí kòtò lórí eré, abẹ́ táyà lẹ máa bá ara yín."

"Kí ló dé tí kò tún un ṣe?"

"Iṣẹ́ yìí wọ́n. Kì í ṣe owó tíṣà tó ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Kò sí obìnrin kankan! Ayọ̀ náà mú un jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo dúdú. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ìbínú tó gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ. "Ó gbà kí n máa rò pé ó ń gbé obìnrin kiri! Ọdún mọ́kànlélógún! Kó má ṣáà sọ fún mi pé ọkọ̀ òun ti jẹrà!" Ó ń na pákó náà ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń nà án, mẹkáníìkì ò sì dá a dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Kò sí irú rẹ̀ níbì kankan tí wọ́n lè rà, ajórin ló fi ọwọ́ gé irin, tó lù ú, tó jó o mọ́ra. Ìyá ta ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kan kí owó tó pé.

"Màmá, owó yìí ra ọkọ̀ mìíràn o!" lọmọ ń pariwo.

"Mi ò fẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀."

Ọjọ́ tó parí, ó fún Fọkànbalẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kó wà á. Òun fúnra rẹ̀ gba iwájú ọkọ̀ yí po, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó. Ọ̀dà tuntun ló ń rùn. Wọ́n jáde ní géètì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú, ó ń retí ikọ́ náà. Wọ́n kọjá oríta, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ sí títì ńlá, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, Àṣá ń sáré geere.

"Màmá, ó dáa, àbí?"

"Ó dáa."

Ó gbé ẹsẹ̀ lé irin tuntun náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀, ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ lé àga náà. "Ẹ dá mi dúró," ló ń sọ lábẹ́ ètè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde." Irin náà ò mira. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé tíṣà ò sí níbẹ̀ mọ́, pé òun ló san owó tí wọ́n fi lé e jáde. Ó bú sẹ́kún, Fọkànbalẹ̀ sì rọra ń wa ọkọ̀ lọ.