Àwọn Àpá Kéékèèké Tí Mo Fi Pamọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ̀mí mi bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Òun ló fi ọgbọ́n sí àwọn dókítà lórí.

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn kòkó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ní Erijiyan, yàrá tí ẹgbẹ́ akọrin wa ti ń wọ aṣọ ni mo máa ń rántí, torí ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá a. Ọdún kan tí mo wà nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n yọ ilé ọmọ mi nítorí kókó ẹran tó wà nínú rẹ̀, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára mi. Wọn ò la ikùn mi. Ihò kéékèèké ni wọ́n dá sí i, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, wọ́n ń wo inú mi lójú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gba ojú ara fa ilé ọmọ náà jáde. Inú mi dùn pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ojú ń tì mí pé mi ò ní ilé ọmọ mọ́. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ará ìjọ rò pé mo lọ kí ọmọ mi n'Íbàdàn ni.

Aránṣọ kan wà tí a jọ ń kọrin, ará Ọ̀ṣun tó ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Irú àìsàn mi ló ń ṣe é. Mo ń rí i bó ṣe ń fi ìborùn wé ìdí, tó ń wo àga bóyá ẹ̀jẹ̀ ti kàn án kó tó kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la òun bí aṣọ. Mo dákẹ́ títí ọdún fi yí.

Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ, tó ṣubú níbi tí a ti ń kọ́ orin, ni mo tó mú un wọ yàrá tí a ti ń wọ aṣọ yẹn, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo tú ìró mi. Ó tẹjú mọ́ àwọn àpá náà bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló rán èyí? Ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé obìnrin lẹ ṣì jẹ́ lójú wọn?"

"Àwọn ló ń pọn omi fún mi títí ara mi fi yá. Mi ò tíì rí ìyàtọ̀ lójú wọn."

Ó lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà. Àmọ́ wọ́n ní kókó tirẹ̀ ti tóbi ju èyí tí wọ́n lè gba ihò kékeré yọ. Ká ní ó tètè wá ni, ì bá ṣeé ṣe. Wọ́n là á. Ó yè, ògo ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, mi ò lè gbójú sókè.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ó pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣáà sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ. Àánú tí Ọlọ́run ṣe fún mi ni mo sọ di ohun ìtìjú, tí mo gbé pamọ́ kúrò lójú ẹni tó ń wá irú rẹ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run wò ọ́ sàn níbi tó ń dùn ọ́ tí o ò lè sọ, kó sì fi ẹni tí kò ní tijú sọ òtítọ́ fún ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lásìkò. Àmín.